Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Pèsè Ẹ̀kọ́ Orí Ẹ̀rọ?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ó jẹ́ irú ọ̀rọ̀ tí a kì í fẹ́ gbọ́ títí di ọjọ́ tí ó bá kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Láti ọdún 2020 tí àrùn Kòrónà ti lé ọmọdé àti àgbà kúrò ní ilé-ìwé ni gbogbo ẹni tí ó ní àṣẹ lọ́wọ́ ti ń wí pé kí olùkọ́ múra sílẹ̀ fún kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá ti wí bẹ́ẹ̀ tán, ohun tí wọn máa ń kà tẹ̀lé e ni fóònù, kọ̀ǹpútà, dátà, iná mànàmáná, àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì ní gbọ̀ngàn kan, níbi tí ẹni tí kò kọ́ ọmọdé rí yóò ti máa fi bọ́tìnnì han àwọn tí ó ti ń kọ́ ọmọdé láti ogún ọdún. Èmi kò bá wọn jà nítorí fóònù. Ohun tí mo bá wọn jà sí ni pé wọ́n fi ohun tí ó yẹ kí ó kẹ́yìn ṣe ìṣáájú, wọ́n sì gba ohun tí ó yẹ kí ó wà lọ́wọ́ olùkọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìmúrasílẹ̀ ẹ̀kọ́, èyíinì ni yíyan ohun tí a ó kọ́ ọmọ, gígé e sí wẹ́wẹ́, àti mímọ ọ̀nà tí a ó fi mọ̀ pé ó yé e, iṣẹ́ olùkọ́ ni. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ́físì, kì í sì í ṣe iṣẹ́ àwọn tí ń ta ẹ̀rọ.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ìbínú lásán ni mo ń sọ jáde, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìlú kan tí wọ́n ti fi ojú rí ọ̀ràn yìí kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Bouaké ni orúkọ ìlú náà. Ó wà ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Côte d'Ivoire, ní ilẹ̀ àwọn Baoulé, òun ni ó sì tẹ̀lé Abidjan nínú àwọn ìlú tí ó tóbi jù ní ilẹ̀ náà. Ojú irin dé ibẹ̀ ní 1912, òwò sì bá ojú irin wọlé. Àwọn Yorùbá wà lára àwọn tí ó bá òwò náà lọ. Àwọn ará Èjìgbò kò nílò kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa júwe ọ̀nà ilẹ̀ náà fún wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òwò ni ó mú mi dárúkọ Bouaké. Ìlú yìí ni wọ́n fi ṣe ibùdó ọ̀kan nínú àwọn ìgbìyànjú tí ó tóbi jù lọ ní Áfíríkà láti fi ẹ̀rọ kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí ń kọ́ni wà ní ibì kan, kí ọmọ tí à ń kọ́ wà ní ibòmíràn.

Nígbà tí ilẹ̀ Côte d'Ivoire gba òmìnira ní 1960, ìṣòro wọn kò yàtọ̀ sí tiwa: ọmọ pọ̀, olùkọ́ kò tó, púpọ̀ nínú àwọn tí ó sì wà ni kò rí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ gbà tó. Àwọn tí ń ṣe ìjọba wò ó pé bí wọ́n bá ní kí àwọn dúró títí olùkọ́ yóò fi tó, àwọn ọmọ yóò ti di bàbá ọmọ. Ni wọ́n bá yíjú sí tẹlifíṣọ̀n. (Kí a má ṣe fi wọ́n rẹ́rìn-ín; nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 31 oṣù kẹwàá 1959, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé wà lára ohun tí àwa náà wí pé a fẹ́ fi í ṣe.) Ètò tí wọ́n là sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1968, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ dé 1980; ilẹ̀ Faransé àti UNESCO wà lára àwọn tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní Bouaké ni wọ́n kọ́ sítúdíò sí. Níbẹ̀ ni àwọn tí ń kọ ẹ̀kọ́ sílẹ̀ àti àwọn tí ń ya àwòrán gbé ń ṣiṣẹ́, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àlejò tí ó ti ilẹ̀ Faransé wá. Níbẹ̀ náà ni ìwé atọ́nà ti ń jáde, èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ 1971 sí 1972 ni wọ́n tan ẹ̀rọ náà fún kíláàsì àkọ́kọ́. Bí ọdún ti ń yípo ni wọ́n ń gun kíláàsì kọ̀ọ̀kan, títí àwọn ọmọ àkọ́kọ́ fi dé kíláàsì kẹfà ní 1976 sí 1977. Ẹ fi ojú inú wo abúlé kan tí kò ní iná mànàmáná. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n sí iwájú kíláàsì, bátìrì ni ó ń gbé e ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ jókòó lọ́wọ̀ọ̀wọ́, olùkọ́ sì dúró ti ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, ó ń wo aago. Bí àkókò bá tó, yóò tan án. Ohùn kan láti ọ̀nà jíjìn yóò kí àwọn ọmọ ní èdè Faransé, yóò kọ́ wọn lórin, yóò fi àwòrán hàn wọ́n, yóò bi wọ́n ní ìbéèrè. Bí ó bá parí, olùkọ́ yóò pa á, yóò ṣí ìwé atọ́nà rẹ̀, yóò sì máa ṣe ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé kí ó ṣe.

N kò ní ṣe bí ẹni tí kò rí ire nínú iṣẹ́ náà, nítorí ẹni tí ó bá fẹ́ bá ènìyàn jiyàn, òtítọ́ ni ó yẹ kí ó fi ṣe ìdí ọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ tí ó gba ẹ̀kọ́ yìí yá ẹnu ní èdè Faransé ju àwọn tí ó ṣáájú wọn lọ. Ọmọ púpọ̀ sí i wọ ilé-ìwé. Ìjọba dá ilé-ẹ̀kọ́ tuntun sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́, tí wọ́n ń pè ní CAFOP, irú rẹ̀ sì wà títí di òní, Bouaké pàápàá ní tirẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọdún mẹ́ta gbáko ni ó wà láàárín ìgbà tí wọ́n gbé ètò kalẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ. Ọdún mẹ́ta! Àwa tí wọ́n fún ní ọjọ́ mẹ́ta ní 2020, bí a bá gbọ́ èyí, ṣe ni kí a dákẹ́.

Níbo ni àṣìṣe wá wà? Ó wà níbi tí ẹni tí ó se oúnjẹ kò ti mọ ọmọ tí yóò jẹ ẹ́. Olùkọ́ tí ó wà ní abúlé ni ó mọ̀ pé ọmọ tí ó jókòó lẹ́yìn kò gbọ́ràn dáadáa, pé ọmọ tí ó jókòó níwájú kò jẹun wá, pé àwọn mẹ́fà kò ní yọjú ní ọ̀sẹ̀ yìí nítorí pé wọ́n ń wa iṣu lóko. Ẹni tí ó wà ní sítúdíò kò mọ èyí, kò sì sí bí ó ti lè mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni ìrìn ẹ̀kọ́ wà. Bí ó bá wí pé òní ni a ó kọ́ èyí, ọ̀la ni a ó kọ́ tọ̀hún, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí ní gbogbo abúlé. Bí ẹ̀kọ́ òní kò bá yé ọmọ, àpótí kò dúró dè é. Bí bátìrì bá kú ní ọjọ́ Ajé, ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yóò dé bá kíláàsì náà bí òrùlé tí ó dé kí wọ́n tó mọ ògiri. Olùkọ́ ń wo gbogbo èyí, ó ń dùn ún, ṣùgbọ́n kò ní àyè láti dá ohunkóhun dúró tàbí láti pe ohunkóhun padà. Wọ́n ti kọ́ ọ bí a ti ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́. Wọn kò bi í bí ẹ̀kọ́ ti yẹ kí ó rí. Ìmúrasílẹ̀ wà, ó pọ̀, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ìmúrasílẹ̀ tí wọ́n ṣe fún olùkọ́ ni, kì í ṣe èyí tí olùkọ́ ṣe. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì yìí ni gbogbo ẹjọ́ tí mo wá rò.

Ohun kan sì tún wà nínú ìtàn náà tí mo fẹ́ràn láti máa rò. Ní alẹ́, kíláàsì kan náà tí àwọn ọmọdé jókòó sí ní ọ̀sán a di ibi ìpàdé àwọn àgbàlagbà. Wọ́n ní ètò kan tí wọ́n pè ní Télé pour tous, èyíinì ni tẹlifíṣọ̀n fún gbogbo ènìyàn, tí ó ń bá àwọn ará abúlé sọ̀rọ̀ nípa ìlera, omi mímu, iṣẹ́ oko àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń ṣe é, púpọ̀ nínú àwọn tí ó wá wò ó ni kò sì gbọ́ Faransé. Olùkọ́ náà ni ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wọn, tí ó sì ń darí ìjíròrò lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: ọkùnrin tí ó jẹ́ olùtan-ẹ̀rọ ní ọ̀sán di ẹni tí ọ̀rọ̀ ń gba ẹnu rẹ̀ kọjá ní alẹ́. Òun ni ó ń yan ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà yóò fi lóye ohun tí dókítà wí. Òun ni ó mọ ibi tí ó yẹ kí òun dúró lé, òun ni ó mọ ibi tí ó yẹ kí òun fò. Òun ni wọ́n ń bi léèrè, òun ni ó sì ń dáhùn. Bí wọ́n bá ti fún un ní irú àyè bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ní ọ̀sán, bóyá ibòmíràn ni ìtàn yìí ì bá parí sí.

Nítorí pé ó parí. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ọmọ àwọn ń sọ Faransé bí ẹni mu omi ṣùgbọ́n kò lè kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tọ́. Owó tí ó ń ná ìjọba pọ̀. Àwọn olùkọ́ fúnra wọn wà lára àwọn tí ó ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Nígbà tí yóò fi di 1982, wọ́n ti pa ètò náà tì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn yóò wí pé owó ni ó pa á. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ohun tí olùkọ́ kà sí tirẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò pariwo. Nígbà tí àpótí náà dákẹ́, àwọn tí ó ti dúró tì í fún ọdún mẹ́wàá ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, àwọn gan-an ni kò sì ṣọ̀fọ̀. Kì í sì í ṣe Bouaké nìkan ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ní àwọn erékùṣù Samoa tí ó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà, wọ́n ti fi tẹlifíṣọ̀n ṣe olórí olùkọ́ láti 1964. Kí ó tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ti rọ̀ ọ́ lóyè.

Ẹnì kan yóò wí pé, "Bàbá, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni ẹ ń sọ. Àpótí Bouaké kì í gbọ́ èsì. Ẹ̀rọ òde òní ń gbọ́. Lórí Zoom ọmọ lè nawọ́, lórí WhatsApp ó lè fèsì." Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́, ó sì ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Pé ẹ̀rọ ní etí kò fi hàn pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ fẹ́ gbọ́. Olùkọ́ tí ó bá ka ìwé fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú níwájú fóònù, tí ó wá béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?", tí ọmọ mẹ́ta sì fèsì pé, "Ó yé wa, sà," ohun tí wọ́n ṣe ní Bouaké ni òun náà ṣe, àfi pé òun kò ní sítúdíò, kò ní ayàwòrán, kò sì ní ìwé atọ́nà.

Mo mọ ohun tí mo ń wí, nítorí pé èmi náà ṣe é. Ní 2020, ní ilé-ìwé kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wa ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì pé kí olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí WhatsApp ní ọjọ́ Ajé. Mo mú fóònù, mo sì sọ ẹ̀kọ́ lórí àmì ohùn Yorùbá sínú rẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń ṣe bí mo bá dúró ní kíláàsì: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, igba, igbá, ìgbà. Inú mi dùn sí ara mi. Nínú ọmọ mẹ́tàlélógójì, mọ́kànlá ni ó ṣí i. Nínú àwọn mọ́kànlá náà, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ pé ó gbọ́ ọ dé òpin, nítorí òun ni ó kọ̀wé sí mi pé òun kò mọ èyí tí ó jẹ́ ti àgbẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní kíláàsì, ojú ọmọ ni mo máa ń wò. Bí mo bá pe ọkọ́, tí mo rí i tí ojú ọmọ kan ṣú, ọwọ́ mi yóò ti dé ara pátákó kí ó tó la ẹnu. Lórí fóònù n kò rí ojú ẹnikẹ́ni, n kò sì ti rò ó tẹ́lẹ̀ ohun tí n ó fi rọ́pò ojú náà.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó lọ bi àwọn òbí léèrè ohun tí ó yẹ kí n ti bi wọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo wá rí i pé fóònù tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ń lò, ti bàbá tàbí ti ìyá ni. Ó ń bá wọn lọ sí ọjà àti síbi iṣẹ́, agogo mẹ́jọ alẹ́ ni ó ń padà wá sílé. Èmi sì ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ ní agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀! Mo rí i pé ọ̀rọ̀ mi ogójì ìṣẹ́jú ń jẹ dátà tí ìyá kan fẹ́ fi bá àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo rí i pé ilé kan wà tí ọmọ mẹ́rin ń dúró de fóònù kan, tí olùkọ́ mẹ́rin sì ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i ní wákàtí kan náà, tí ẹnikẹ́ni nínú àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí, kò sí ọ̀kan tí ẹni tí ń ta kọ̀ǹpútà lè sọ fún mi.

Ní oṣù kẹta ọdún náà ni ilẹ̀ Côte d'Ivoire pẹ̀lú ti ilé-ìwé wọn pa. Ìjọba wọn gbé ètò kan jáde tí ó ń jẹ́ Mon école à la maison, èyíinì ni ilé-ìwé mi nínú ilé, lórí tẹlifíṣọ̀n, rédíò àti íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá fún àwọn kíláàsì tí ó ní ìdánwò níwájú; ní oṣù karùn-ún, wọ́n ti tún ń ṣí ilé-ìwé. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. N kò bú wọn; ọ̀ràn pàjáwìrì ni. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wọn àti lọ́dọ̀ wa, olùkọ́ díẹ̀ ni wọ́n pè wá síwájú ẹ̀rọ, àwọn ọ̀kẹ́ àìmọye tí ó mọ ọmọ ní orúkọ sì jókòó sílé bí ẹni tí kò ní iṣẹ́.

Bouaké tún ní ẹ̀kọ́ kan tí kò kan ẹ̀rọ rárá. Ní oṣù kẹsàn-án 2002 ni ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ náà, Bouaké sì di ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí ìjọba ń sanwó fún sá lọ sí ìhà gúúsù. Yunifásítì ìlú náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Université Alassane Ouattara lónìí, kó lọ sí Abidjan. Àwọn ọmọ ni kò rí ibi sá sí. Àwọn tí ó tún ṣí kíláàsì fún wọn ni àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni, tí púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe olùkọ́ tẹ́lẹ̀ rí. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n sì dúró níwájú àwọn ọmọ. Ìlú kan náà ni. Ní 1971 ẹ̀rọ wà níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, olùkọ́ kò sì ní ohùn. Ní 2002 kò sí ẹ̀rọ, kò sí owó oṣù, ṣùgbọ́n àwọn tí ń kọ́ni ni ó ni ohun tí wọ́n ń ṣe. N kò wí pé kí ẹnikẹ́ni fẹ́ ohun tí ojú wọn rí ní 2002. Ohun tí mo ń wí ni pé mo ti rí ẹ̀kọ́ tí ó dúró láìsí ẹ̀rọ. N kò tíì rí èyí tí ó dúró láìsí olùkọ́ tí ó mọ ohun tí òun fẹ́ ṣe.

Kí ni ó wá yẹ kí a ṣe kí a tó tan ẹ̀rọ? Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ mọ ilé tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń lọ. Kí ó ní ìwé kan tí orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, kí ó kọ ẹni tí ó ni fóònù síbẹ̀, àti wákàtí tí fóònù náà ń wà nílé, àti ẹni tí kò ní rárá, àti aládùúgbò tí ó lè bá a gba iṣẹ́. Ìgbà tí ilé-ìwé ṣí, tí ọmọ àti òbí wà lárọ̀ọ́wọ́tó, ni a ń ṣe èyí. Bí a bá dúró di ọjọ́ tí ọ̀nà bá dí, ọwọ́ wa kò ní tó ẹni tí a fẹ́ bi léèrè.

Lẹ́yìn èyí ni a tó lè mú ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Èyí ni ó ṣòro jù, òun ni a sì ń sá fún jù. Ẹ̀kọ́ ogójì ìṣẹ́jú kò lè wọ inú fóònù kí ó máa jẹ́ ogójì ìṣẹ́jú. A ní láti gé e bí ẹni gé ẹran fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín. Ohun kan ṣoṣo ni kí ó wà nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ó má ju ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, kí iṣẹ́ kékeré kan sì wà ní òpin rẹ̀ tí yóò fi ara rẹ̀ hàn. Nígbà tí mo tún ẹ̀kọ́ àmì ohùn mi ṣe, n kò tún béèrè bóyá ó yé wọn. Mo ní kí ọmọ ya ọkọ́ sí inú ìwé rẹ̀, kí ó ya ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó kọ orúkọ méjèèjì pẹ̀lú àmì, kí ẹni tí ó ni fóònù bá a ya á ní fọ́tò bí ó bá dé ní alẹ́. Ẹni tí ó kọ ọkọ̀ sí abẹ́ ohun èèlò àgbẹ̀, mo rí ojú rẹ̀ tí ó ṣú bí ẹni pé ó jókòó níwájú mi. Àwọn fọ́tò náà ni mo fi rọ́pò ojú. Èmi ni ó rò ó, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹlòmíràn tí ń kọ́ ìṣirò yóò ro tirẹ̀.

Ẹnì kan kò sì lè dá a ṣe. Bí olùkọ́ mẹ́rin bá ń kọ́ kíláàsì kẹrin ní àdúgbò kan, tí olúkúlùkù wọn jókòó sí ilé tirẹ̀ tí ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, wọ́n fi agbára ṣòfò ni. Kí wọ́n pàdé, kí wọ́n pín àwọn orí ẹ̀kọ́ láàárín ara wọn, kí ẹni tí ó kọ ti ọ̀sẹ̀ yìí gbé e wá kí àwọn yòókù yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì bá a jiyàn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tirẹ̀, kí ó ní àṣẹ láti yọ ohun tí kò bá wọn mu àti láti dúró lórí ohun tí kò tíì yé wọn. Àṣẹ yìí gan-an ni olùkọ́ abúlé kò ní ní ìgbà Bouaké. Kí wọ́n jọ fẹnu kò lórí wákàtí pẹ̀lú, kí iṣẹ́ mẹ́rin má ṣe wọ inú fóònù kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ti ọmọ tí kò ní fóònù, kí wọ́n kọ ẹ̀kọ́ náà sórí ìwé, kí wọ́n gbé e sí ṣọ́ọ̀bù tàbí mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tí ó wà lẹ́bàá ilé rẹ̀. Bí a gún iyán nínú ewé, bí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa kò fẹ́ gbọ́ èyí. Wọ́n wí pé fídíò kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ni a ń da ara wa láàmú sí. Kí a wá èyí tí ó dára, kí a fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ, kí a lọ sùn. Ẹ̀yin ará mi, ẹni tí ó bá ti gbà pé kí ẹlòmíràn máa pèsè ẹ̀kọ́ òun, kí ó má ṣe bínú ní ọjọ́ tí wọ́n bá wí pé a kò nílò òun mọ́. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ ni. Fídíò ẹlòmíràn wúlò bí ìwé ti wúlò: olùkọ́ ni yóò yàn án, tí yóò mọ ibi tí òun ó ti dá a dúró.

Ní ti àwọn ọ̀gá tí ń wí pé olùkọ́ ọ̀lẹ ni kì í fẹ́ ohun tuntun, ẹ jẹ́ kí n rán wọn létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílé wa. Ní 1952 ni Olóyè S. O. Awókòyà gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn; ní oṣù kìn-ín-ní 1955 ni ẹ̀kọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n sì ń sáré ṣe láàárín ọdún méjèèjì ààbọ̀ náà ni kíkọ́ ilé-ìwé àti kíkọ́ olùkọ́. Pẹ̀lú gbogbo èyí, àwọn tí ó bá a bẹ̀rẹ̀ jẹ́rìí pé olùkọ́ kò tó. Bí ó bá gba ọdún méjì ààbọ̀ láti ṣí ilé-ìwé tí ó ní ògiri, àwọn wo ni ó ń pàṣẹ ní ọjọ́ Ẹtì pé kí a ṣí èyí tí kò ní ògiri ní ọjọ́ Ajé? Kí wọ́n ka ọjọ́ ìmúrasílẹ̀ sí ọjọ́ iṣẹ́, kí wọ́n sanwó rẹ̀. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí olùkọ́ máa fi owó oṣù rẹ̀ ra dátà tí ó fi ń ṣe iṣẹ́ wọn. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ wa, NUT, ti wà láti 1931. Wọ́n ti bá ìjọba jà lórí owó oṣù ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí pẹ̀lú tó ohun tí a ń jókòó lé lórí ní ìpàdé, kí a tó tún gbọ́ pé ilé-ìwé ti tì nítorí àrùn, tàbí omíyalé, tàbí àwọn ajínigbé.

Ní ẹ̀ka tiwa, a ti fohùn ṣọ̀kan pé kí olúkúlùkù mú ìwé orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá ní ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ tí a bá wọlé, kí ó ti kọ ọ̀rọ̀ fóònù àti wákàtí àti aládùúgbò sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mọ́kànlélógójì ni mo ní lọ́dún yìí. Mo ti dé ilé mẹ́tàdínlógún. Ó ku mẹ́rìnlélógún.